Ẹ̀rọ Tó Ń Ka Ọjọ́ Láti Ọ̀la

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ọkùnrin tí ẹ fẹ́, ẹ fún un ní ẹ̀rọ tuntun, kí ẹ jókòó kí ẹ máa wò ó. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti wà nílé ọkọ mi kí àbúrò rẹ̀ tó fi fídíò ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun, mo sì rò pé mo ti mọ̀ ọ́n tán. Ara mi ni mò ń tàn.

Nígbà náà, "wọ́n" ni mo máa ń lò fún un, "Dádì" ni mo sì máa ń pè é, bí obìnrin tí wọ́n kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ilé ṣe ń ṣe. Nínú ìwé yìí, "ó" ni mo máa kọ. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó lọ kọ tirẹ̀.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Bódìjà là ń gbé, àwa lókè, onílé nísàlẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1990 tí mò ń sọ yìí, fídíò kì í ṣe ohun tuntun mọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ló ní èyí tí wọ́n fi ń wo fíìmù tí wọ́n bá háyà ní Àgbowó. Tiwa yàtọ̀. Tiwa lè dá gba ètò orí tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nílé. Ó ní ojú dúdú gbọọrọ kan níwájú, nọ́ńbà aláwọ̀ ewé sì máa ń tàn nínú rẹ̀. "Dígítà ni," ni ọkọ mi máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, títí kan ẹni tó wá ka mítà iná.

Ẹ̀rọ náà ní ìwà. Iná ilẹ̀ ibi tí wọ́n ti ṣe é kéré sí tiwa, nítorí náà a ra tiráńsífọ́mà kan tó máa ń kùn lábẹ́ tábìlì láti àárọ̀ dalẹ́. Tí iná bá lọ, bátìrì kékeré inú rẹ̀ lè di aago mú fún wákàtí díẹ̀. Tó bá ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, gbogbo nọ́ńbà á di òdo, á máa ṣẹ́jú sí wa títí ọkọ mi á fi gbọ́ aago láti orí rédíò kó tó tún un ṣe. Nígbà míì ó máa ń pọ kásẹ́ẹ̀tì jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Tí wọ́n bá sì ti tò ó pé kó máa dúró de ètò kan, iná pupa kékeré kan á tàn lára rẹ̀, gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ á sì kú. O lè tẹ̀ ẹ́ títí èékánná rẹ á fi ká, kò ní dá ọ lóhùn.

Gbogbo èyí ni mo lè fara dà. Ohun tí mi ò lè fara dà ni rìmóòtù. Ọkọ mi ò yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rá tó bá wá. Á tẹ̀ ẹ́ láti orí ọ̀rá, á tì í mọ́ inú dírọ́ọ̀, á sì so kọ́kọ́rọ́ dírọ́ọ̀ náà mọ́ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ kí n fi ọwọ́ ọbẹ̀ kàn án. Ọwọ́ ọbẹ̀! Ọwọ́ yìí kan náà ló ń tẹ ìwé láti aago mẹ́jọ sí aago mẹ́rin ní ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀, lórí tapíráítà tí iye bọ́tìnnì rẹ̀ ju ti rìmóòtù rẹ̀ lọ. Lẹ́tà táwọn ọ̀gá ńlá ń fọwọ́ sí, ọwọ́ ọbẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́.

Mo mú ìwé kékeré tó bá ẹ̀rọ náà wá lọ sí ọ́fíìsì. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kà á ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, láti ojú ewé kìíní dé ìparí. Òyìnbó inú rẹ̀ wọ́, àfi bíi pé ẹni tó kọ ọ́ ń sáré, ṣùgbọ́n mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Lẹ́yìn náà mo dá a padà síbi tó wà. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nísinsìnyí kí n sọ ti bàbá mi. Káfíńtà ni wọ́n, ṣùgbọ́n orin ni gbogbo Àpáta fi mọ̀ wọ́n. Àwọn ni ọ̀gá akọrin ní ìjọ Aládùúrà kan níbẹ̀. Fún ọdún mélòó kan, awọ funfun kan ti ń bo ẹyin ojú wọn, ó sì dé ibi tí wọ́n ń darí orin tí ojú àwọn akọrin ti di kùrukùru níwájú wọn. Etí ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó dúró síbi báyìí. Obìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ náà tí bàbá mi fura sí pé kì í kọrin rárá, pé ó kàn ń ya ẹnu láàárín àwọn tó ń kọrin ni. "Màá mú un," ni wọ́n máa ń sọ fún mi. "Ọjọ́ tí ojú mi bá là, màá mú un."

Ìgbà náà ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan pe ẹgbẹ́ náà wá kọ orin mẹ́ta fún ètò ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú. Méjì nínú orin náà, bàbá mi fúnra wọn ló ṣẹ̀dá wọn. Wọ́n ti lọ kọ ọ́ tán, wọ́n ti padà sílé, kí wọ́n tó gbọ́ ọjọ́ tí wọ́n máa fi hàn. Ọ̀sẹ̀ tí dókítà ti dá fún iṣẹ́ abẹ ojú bàbá mi ló bọ́ sí. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n ti fi dúró de ààyè nínú ọsibítù náà, kò sì ṣeé sún síwájú. Ojú kan ni wọ́n máa ṣe, àmọ́ méjèèjì ni wọ́n máa fi báńdéèjì dì.

Bàbá mi wọ mọ́tò láti Àpáta wá sí Bódìjà, wọ́n jókòó sí pálọ̀ wa, wọ́n sì bẹ ọkọ mi. Bàbá mi tí kì í bẹ èèyàn.

"Láti ọjọ́ yìí ni mo ti ń gbọ́ wọn," ni wọ́n sọ. "Mo fẹ́ rí wọn. Mo fẹ́ rí èmi náà, bí mo ṣe ń ju ọwọ́."

"Ẹ fi ọkàn balẹ̀, Bàbá," ni ọkọ mi dáhùn. "Ó ti parí nìyẹn. Dígítà ni."

Ó bọ́ sí i pé iṣẹ́ máa gbé ọkọ mi lọ sí Kàdúná fún bí ọjọ́ mẹ́wàá. Ọjọ́ Àìkú tó máa gbéra, tó ku ọ̀sẹ̀ kan géérégé kí wọ́n fi orin náà hàn, ó mú rìmóòtù jáde kó lè to ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Ẹ̀rọ yìí kì í béèrè déètì. Ohun tó máa ń béèrè ni iye ọjọ́ tó máa fi dúró, aago tó máa bẹ̀rẹ̀ àti aago tó máa parí. Níbi iye ọjọ́, ọkọ mi tẹ mẹ́jọ.

Mo dúró sẹ́yìn àga. "Dádì, méje ni," ni mo sọ.

"Méje báwo? Òní Sáńdè. Sáńdè tó ń bọ̀, ọjọ́ mélòó ni? Fi ìka kà á kí n rí i."

Mo fi ìka kà á bí ọmọ jẹ́léósinmi. Mo bẹ̀rẹ̀ láti Sáńdè, mo padà dé Sáńdè, ó jẹ́ ìka mẹ́jọ. Bí gbogbo wa ṣe ń kà á nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́jọ òní là ń pe òní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ìtàdógún là ń pe ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí pé òní wà nínú ohun tí à ń kà. Kò sí Yorùbá tó máa gbàgbé òní sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Yorùbá kọ́ ló ṣe ẹ̀rọ náà.

"Lọ́dọ̀ tiwa, mẹ́jọ ni," ni mo sọ. "Ìwé yẹn ní òní ò sí níbẹ̀. Ọ̀la ló ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà."

"Ìwé wo?"

"Ìwé ẹ̀rọ yìí. Mo kà á."

Ó yí ojú padà, ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ta ló ní kí o kà á?"

 Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó kàwé gboyè ní yunifásítì ni tápíìsì ń kọ́ ní òǹkà. Ó ní ọ̀nà jìn, kí n má fi ọ̀rọ̀ dá òun dúró. Ó tẹ bọ́tìnnì tó kẹ́yìn, iná pupa tàn, ó ti rìmóòtù mọ́ dírọ́ọ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó sì lọ.

 Inú ń bí mi sí i, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, inú ń bí mi sí ara mi náà. Mo ti kà á, mo mọ̀ ọ́n, mo sì gbé ẹrù rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ bá a dé ìdí mọ́tò, mo ní kó lọ ire kó bọ̀ ire.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, iná tó máa ń ṣe wá bó ṣe wù ú kò ṣe wá rárá. Ó máa lọ díẹ̀, á tún dé. Aago ò di òdo lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ náà dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń ṣe gẹ́lẹ́ ohun tí wọ́n ní kó ṣe.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú náà, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá mi ni mo wà ní ọsibítù. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ, báńdéèjì bo ojú wọn méjèèjì. Wọ́n bi mí pé aago mélòó lù. Mo ní márùn-ún ti lù. Wọ́n ní, "Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kun orin náà sínú, ìka wọn sì ń lọ sókè sódò lórí aṣọ ìbora. Nígbà tí wọ́n parí èyí àkọ́kọ́, wọ́n bi mí pé, "Ẹ̀rọ ń gbà á?"

"Ó ń gbà á, sà," ni mo dáhùn. Mo ń gbàdúrà kí ó jẹ́ pé èmi ni mo ka ìwé náà lódì.

Mo dé ilé, mi ò tilẹ̀ bọ́ bàtà. Iná pupa ṣì wà níbẹ̀, ó ń dúró. Nísàlẹ̀, ìyàwó onílé ti na ọrùn jáde láti ojú fèrèsé, ó ń kí mi kú oríire pé àwọn rí bàbá mi lórí tẹlifíṣọ̀n, pé aṣọ funfun wọn tàn, pé ọwọ́ tí wọ́n ń jù dùn ún wò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo jókòó síwájú ẹ̀rọ yẹn, mo bú u, mo bú ẹni tó ni ín, mo bú àbúrò rẹ̀ tó fi í ránṣẹ́.

Ìyẹn ò tíì tó. Ní Ọjọ́ Ajé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Dùgbẹ̀ dé, mo ń tú gèlè, nígbà tí ẹ̀rọ náà ta jí. Aago márùn-ún géérégé ni. Inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó ń gbà á sílẹ̀. Mo tan tẹlifíṣọ̀n. Ọkùnrin kan tó wọ bàtà rọ́bà ló ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń po oògùn sínú omi òròmọdìẹ. Wákàtí kan gbáko ni ètò náà. Mo tẹ gbogbo bọ́tìnnì, kò dá mi lóhùn. Mo lè yọ wáyà rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi yíyọ wáyà ṣe? Ohun tí mò ń wá ti kọjá lánàá. Mo wò ó títí adìyẹ tó kẹ́yìn fi mu omi tirẹ̀ tán.

Lọ́jọ́ kejì, mo gba àyè ní ọ́fíìsì, mo lọ sí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà. Obìnrin tó dá mi lóhùn ṣe jẹ́jẹ́ sí mi. "Màdáàmù, kásẹ́ẹ̀tì ò tó," ni ó sọ. "Tá a bá ti fi hàn tán, òmíràn la máa ń gbà lé e." Wọ́n ti gba nǹkan míì lé orin bàbá mi kí ilẹ̀ Ọjọ́ Ajé tó ṣú.

Nígbà tí ọkọ mi dé láti Kàdúná, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò gbà. Ó ní tẹlifíṣọ̀n ló yí ètò padà. Mo ní kó sọ̀kalẹ̀ lọ bi onílé. Kò lọ. Ó ṣí dírọ́ọ̀, ó mú rìmóòtù, ó tan kásẹ́ẹ̀tì náà, òròmọdìẹ sì jáde. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, mo rí i tí ètè rẹ̀ ń mì. Ọjọ́ ló ń kà. Ó pa á. "Màá bá Bàbá sọ̀rọ̀," ni gbogbo ohun tó sọ, mo sì gbà á gbọ́. Ní tòótọ́, àánú rẹ̀ tilẹ̀ ṣe mí. Mo dín dòdò fún un lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló ní tó lè fi bá Bàbá sọ̀rọ̀. Ó lọ kí wọn ní Àpáta lẹ́ẹ̀méjì. Nígbà méjèèjì tí mo bi í, ó ní ara wọn ò tíì yá tó fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹta, ọsibítù fún bàbá mi ní awò ojú kan tó nípọn, wọ́n sì ránṣẹ́ pé ọ̀sán Sátidé ni àwọn ń bọ̀ wá wo orin àwọn. Wọn ò dá wá. Wọ́n mú igbákejì wọn nínú ẹgbẹ́ akọrin dání, ọkùnrin arúgbó kan tó fẹ́ràn àwàdà. Wọ́n sì mú obìnrin tí wọ́n fura sí yẹn, kí wọ́n lè fi ẹnu rẹ̀ hàn án lójú ara rẹ̀. Inú bàbá mi dùn débi pé wọn ò lè jókòó pẹ́. Wọ́n gbé àga sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n títí orúnkún wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

Mo wo ọkọ mi. Mo rò pé ìsinsìnyí ló máa sọ ọ́. Ó dìde, ó ká aṣọ léèsì kúrò lórí ẹ̀rọ náà, ó ṣẹ́ ẹ sí mẹ́rin, ó gbé e sílẹ̀. Ó mú kásẹ́ẹ̀tì adìyẹ, ó tì í wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọkùnrin oníbàtà rọ́bà jáde. Igbákejì rẹ́rìn-ín, ó rò pé ìpolówó ọjà ni. Bàbá mi sún awò wọn gún. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n béèrè pé, "Ìgbà wo ni tiwa máa dé?"

Ọkọ mi yíjú sí mi. "Kí lo tẹ̀?" ni ó sọ.



"Mo sọ fún un kí n tó lọ, Bàbá," ni ó ń bá a lọ. "Mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Ẹ ṣáà mọ àwọn obìnrin."

Bàbá mi yíjú. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti rí ojú mi dáadáa kẹ́yìn, inú awò yẹn ni wọ́n ti wá rí i. "Kí ló dé tí o ò gbọ́ ọ̀rọ̀ sí ọkọ rẹ lẹ́nu?" ni wọ́n bi mí.

"Bàbá, èmi kọ́ ni mo..."

"Dákẹ́. Kúnlẹ̀, kí o bẹ ọkọ rẹ."

Mo kúnlẹ̀. Lórí kápẹ́ẹ̀tì, láàárín àlejò méjì, pẹ̀lú adìyẹ tó ń ké lẹ́yìn mi, mo bẹ ọkọ mi. Ó ní òun ti dárí jì mí. Ó tilẹ̀ fọwọ́ kàn mí léjìká.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, èmi ni mo di bàbá mi lọ́wọ́ mú sọ̀kalẹ̀ lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, torí awò tuntun náà ń jẹ́ kí ilẹ̀ jìn sí wọn. Àwọn yòókù ti ṣáájú dé ìdí mọ́tò. Ní àárín pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n dúró.

"Ìwọ tí o máa ń ka ara ìgò oògùn lẹ́ẹ̀mẹta kí o tó fún mi mu," ni wọ́n sọ fún mi ní ohùn kékeré, "ìwọ kọ́ lo máa tẹ ohun tí o kò mọ̀. Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́."

Omi lé sí mi lójú. Mo kọ́kọ́ rò pé ayọ̀ ni. "Tí ẹ bá mọ̀, sà, kí ló dé tí ẹ ní kí n kúnlẹ̀?"

"Níwájú àlejò? Ṣé kí n dójú ti ọkọ rẹ ni?" Wọ́n fọwọ́ wá àtẹ̀gùn tó kàn. "Èmi ń padà sí Àpáta. Ìwọ lo máa bá a gbé."

Títí dòní, mi ò bínú sí ọkọ mi tó bí mo ṣe bínú sí bàbá mi lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn. Ọkọ mi parọ́ torí ẹ̀rù ń bà á. Bàbá mi mọ òótọ́, wọ́n dì í mú lọ́wọ́, wọ́n sì fi mí san ìtìjú ẹlòmíràn. Mo mú wọn dé ìdí mọ́tò. Mo kúnlẹ̀, mo ní ó dàbọ̀, sà. Ẹ̀ẹ̀kejì ọjọ́ náà nìyẹn tí mo kúnlẹ̀.

Ní Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Mo ti pinnu pé bó ṣe jẹ́ níwájú àlejò ni wọ́n ti dójú tì mí, níwájú àwọn àlejò náà ni bàbá mi ti máa sọ òótọ́, ì báà ṣe gbólóhùn kan péré. Ẹgbẹ́ akọrin ti tò síta, wọ́n fẹ́ wọlé. Igbákejì ló kọ́kọ́ rí mi.

"Ẹ wò ó, ẹni tó fi adìyẹ rọ́pò wa ti dé!" ni ó pariwo.

Àwọn akọrin bú sẹ́rìn-ín. Mo wo bàbá mi níwájú wọn nínú aṣọ funfun, awò lójú, wọ́n ń wò mí gan-an. Mo dúró, mo ń retí.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn.